Bí Òǹkọ̀wé Ṣe Lè Sọ Ohun Tí Kò Kọ Sínú Ìwé Rẹ̀ Nípa Ẹ̀dá-Ìtàn

Ọmọ ilé-ìwé kan ni ó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí. Wọ́n pè mí sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan láti wá ka díẹ̀ nínú ìtàn àròsọ kékeré kan tí mo kọ. Nígbà tí mo kà á tán, tí olùkọ́ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìbéèrè, ọmọbìnrin kan dìde ní ìlà ẹ̀yìn, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni Ìyá Alágbo wá já sí?" Ìyá Alágbo kì í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn nínú ìwé náà rárá. Orí mẹ́ta péré ni ó ti ta àgbo rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi dáhùn pé ó padà sí Ọ̀fà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin yìí kò jókòó. Ó ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà lọ títí ó fi rí ohun tí ó ń wá, ó sì kà á sókè ketekete: "Gbogbo ọmọ tí mo bí ni ilẹ̀ ti gbà." Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ọmọ wo wá ni, sà?"

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ìdí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹ ìwé ìtàn tàbí eré-onítàn jáde, tí àwọn òǹkàwé sì ń bi í ní ohun tí kò kọ sínú rẹ̀: iye ọdún ẹ̀dá-ìtàn kan, ẹ̀sìn rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ràn, irú ikú tí ó kú. Kò sí òfin tí ó ní kí òǹkọ̀wé má dáhùn. Ohun tí mo ti wá gbà ni pé ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé bá fi ẹnu sọ lẹ́yìn tí ìwé ti jáde kò lè bá èyí tí ó kọ sílẹ̀ dọ́gba, àfi bí ó bá padà jókòó kọ ọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ó mọ ìwọ̀n ohun tí yóò sọ, kí ó mọ ibi tí yóò ti sọ ọ́, kí ó sì mọ ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ẹ yẹ ìwé yín wò kí ẹ tó la ẹnu

Kí ìwé tó dé ilé ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ìwé àjákọ kan, kí ẹ fún ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, kí ẹ sì pín ojú ewé náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni ti ohun tí ó wà nínú ìwé nípa ẹni náà, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé tí ó wà. Ọ̀nà kejì ni ti ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ tí ẹ kò kọ. Ọ̀nà kẹta ni ti ohun tí ẹ̀yin gan-an kò mọ̀. Ọ̀nà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ni ìbá gbà mí lọ́jọ́ náà. Ká ní mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ibi tí Ìyá Alágbo já sí: n kò mọ̀", n kì bá tí bí ọmọ ọkùnrin fún un ní Ọ̀fà lójijì.

Bí ìwé bá ti jáde ná, kọ̀ǹpútà lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ìwé náà, kí ẹ tẹ orúkọ ẹ̀dá-ìtàn náà sí ibi tí a fi ń wá ọ̀rọ̀, kí ẹ sì ka gbogbo gbólóhùn tí ó ti jẹ yọ, títí kan ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nínú èdè tiwa, a kì í sábà pe àgbà lórúkọ. Ẹni tí ẹ pè ní Adébáyọ̀ ní orí kìíní lè di Bàbá Ṣadé ní orí kẹrin, kí ó di Ẹ̀gbọ́n ní orí keje, kí ìyàwó rẹ̀ sì máa pè é ní Olówó-orí-mi títí ìwé yóò fi parí. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ níláti wá orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá oríkì pẹ̀lú, bí ó bá ní.

Àwọn tí ó jù wá lọ ti ṣubú síbí yìí. Arthur Conan Doyle, tí ó dá Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn, sílẹ̀, kọ ọ́ nínú ìwé kìíní tí ó jáde ní 1887 pé èjìká ni ọta ti ba Dókítà Watson, ọ̀rẹ́ Holmes, lójú ogun Afghanistan. Nígbà tí ìwé kejì yóò fi jáde ní 1890, ọgbẹ́ náà ti sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn olólùfẹ́ Holmes ti ń jiyàn lé e lórí. Ìyẹn tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín ìwé sí ìwé. Kí ni kí a wá sọ nípa ọ̀rọ̀ tí a kàn ju sílẹ̀ láìṣí ìwé níwájú?

Ní oṣù Kejìlá 2015, wọ́n kéde pé Noma Dumezweni, òṣèré aláwọ̀ dúdú, ni yóò ṣe Hermione, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn Harry Potter, lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan fárígá. J. K. Rowling, tí ó kọ àwọn ìwé náà, dá wọn lóhùn lórí Twitter pé ohun tí òun kọ nípa Hermione kò ju ẹyinjú aláwọ̀ ilẹ̀, irun wúruwùru àti ọpọlọ pípé, pé òun kò sọ ọ́ níbì kankan pé awọ rẹ̀ funfun, àti pé òun fẹ́ràn Hermione aláwọ̀ dúdú. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá lórí yíyan òṣèré náà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn òǹkàwé fi fa gbólóhùn kan yọ nínú ìwé kẹta, níbi tí ojú funfun Hermione ti yọ lẹ́yìn igi. Ẹnìkan lè ní ìbẹ̀rù ni ó mú kí ojú náà di funfun, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹjọ́ ti dé. Gbólóhùn ìkẹyìn rẹ̀, pé òun fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbá ti tó. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ pé "n kò kọ ọ́ rí" ni ìgbà tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra jù lọ, nítorí òǹkàwé tí ó ti ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹwàá mọ̀ ọ́n jù yín lọ.

Ohun kékeré ni ó ń pẹ́ lẹ́nu òǹkàwé

Nínú gbogbo òǹkọ̀wé tí mo mọ̀ pé wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá-ìtàn wọn lẹ́yìn ìwé, kò sí èyí tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tó Jane Austen, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 1817. Kò dúró níwájú èrò kankan. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn ará ilé ni wọ́n ń bi í léèrè, ó sì ń dá wọn lóhùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, James Edward Austen-Leigh, ni ó kó díẹ̀ nínú àwọn èsì náà jọ sínú ìwé ìrántí tí ó tẹ̀ jáde nípa rẹ̀ ní ìparí 1869.

Ẹ wo bí àwọn èsì náà ṣe rí. Nínú Pride and Prejudice, ọmọbìnrin márùn-ún ni ó wà nílé Bennet, mẹ́ta nínú wọn sì rí ọkọ fẹ́ kí ìwé tó parí. Ó ku Kitty àti Mary. Austen sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé Kitty fẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Pemberley, ilé Darcy, ọkọ Elizabeth ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé Mary sì fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ọkọ àǹtí wọn tí ń ṣe iṣẹ́ amòfin, inú rẹ̀ sì dùn láti máa jẹ́ ìràwọ̀ láàárín àwọn ará ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé. Nínú Mansfield Park, ahun obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Mrs Norris, tí ó ń fọ́nnu pé òun fún William, ọmọ àbúrò rẹ̀, ní owó gidi nígbà tí ó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú omi. Ìwé kò sọ iye rẹ̀. Austen ní pọ́n-ùn kan ni. Ẹ̀rín ni mo rín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí kò sí iye mìíràn tí ìbá bá obìnrin náà mu tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wá láti inú Emma. Frank Churchill ń bá àwọn tó kù ṣe eré tí a fi ń to lẹ́tà kéékèèké di ọ̀rọ̀. Ó ti fi ọ̀rọ̀ kan bí Jane Fairfax nínú, ó tún to òmíràn síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Jane gbá àwọn lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ìwé kò sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Austen ní "dáríjì mí" ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá gbọ́ ọ tí ó padà sí ojú ewé náà yóò rí i pé ọ̀dọ́kùnrin yẹn ń bẹ̀bẹ̀ ní gbangba láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, àti pé ọwọ́ tí Jane fi gbá a dànù wúwo ju bí a ti rò lọ.

Kò tilẹ̀ dúró de ìbéèrè nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n inú lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó ti ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún 1813, bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí Pride and Prejudice jáde, ó lọ wo àfihàn àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì rí àwòrán obìnrin kan tí ó ní Jane Bennet, tí ó ti di ìyàwó Bingley, ni í ṣe: ó wọ aṣọ funfun pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ aláwọ̀ ewé, èyí tí ó fi hàn pé àwọ̀ ewé ni ó fẹ́ràn, bí òun ti ń fura tẹ́lẹ̀. Ó wá ti Elizabeth títí, kò rí i. Àlàyé tí ó ṣe ni pé Darcy kò ní fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo àwòrán ìyàwó òun. Ẹ rí i pé àwàdà ni, síbẹ̀ kò sí ohun tí ó bá ìwà Darcy mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé àlàfo tí ìwé fúnra rẹ̀ ti fi sílẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dí, wọn kò sì ta ko gbólóhùn kan. Ìdánwò tí èmi ń lò láti ìgbà náà kò ṣòro. Mo máa ń bi ara mi pé, bí òǹkàwé kò bá gbọ́ ohun yìí títí ayé, ṣé ìwé náà ṣì pé? Bí ó bá pé, mo lè sọ ọ́. Bí kò bá pé láìsí i, a jẹ́ pé ó yẹ kí n ti kọ ọ́ ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá tóbi

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 2007, ní gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York, òǹkàwé kan bi Rowling bóyá Dumbledore, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oṣó, tí ó gbà pé ìfẹ́ ló ń borí ohun gbogbo, nífẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni rí fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni ìwé keje, tí í ṣe ìkẹyìn, ti jáde. Ó dáhùn pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni òun ti ń wo Dumbledore gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tí ìfẹ́ rẹ̀ wà sí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé Grindelwald ni ó kó sí ìfẹ́ rẹ̀ nígbà èwe. Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ayé kan.

Kí a fi ìdánwò tiwa wò ó. Ìwé keje sọ ọ́ pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì wọ̀nyí ṣọ̀rẹ́ àṣemọ́ra ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n jọ ń gbèrò bí àwọn oṣó yóò ṣe jọba lórí àwọn tí kì í ṣe oṣó, ìjà bẹ́ sílẹ̀, àbúrò Dumbledore obìnrin sì kú nínú rẹ̀. Ó tún sọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Dumbledore fi fà sẹ́yìn kí ó tó lọ kojú Grindelwald ní 1945. Kò sí ohun tí ó ta ko èsì rẹ̀ nínú ìwé, àní èsì náà tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀ ní láti tún ìwé náà kà.

Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni ìbéèrè bóyá ìwé náà pé láìsí i. Àwọn kan bínú pé ó sọ ọ́ rárá; ti ìyẹn kò kàn mí níbí. Àwọn kejì béèrè pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi sí nínú ìwé kankan nínú méjèèje? Mo gbà pé àwọn wọ̀nyí ní ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aṣọ aláwọ̀ ewé. Òun ni gbòǹgbò ìdí tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn fi di ojú rẹ̀ sí ìkà tí ó wà níwájú rẹ̀. Gbólóhùn kan ìbá ti tó nínú ìwé tí ojú ewé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta.

Bí irú ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹnìkan sì béèrè, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ohun tí kò jẹ́ kí ẹ kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́ ni, ẹ sọ ìdí rẹ̀ mọ́ èsì yín. Bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ni, ìbẹ̀rù òbí, ti ìjọ, ti ilé ìtẹ̀wé tàbí ti àwọn tí ń yan ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú, ẹ sì lè dákẹ́ kí ẹ fi í pamọ́ de ìwé mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ìbéèrè náà gan-an ni èrò náà ti wá sí yín lọ́kàn, ẹ má ṣe sọ láé pé "mo ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀". "Ìwọ ni o jẹ́ kí n ronú kàn án" jẹ́ èsì tí ó níyì, kò sì sí ẹni tí yóò fi bú yín. Ẹyin lohùn, èyí tí ẹ bá sọ lórí fóònù lónìí, wọn yóò gbé e jáde ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Àbámọ̀ ni ohun tí n kò gbà yín nímọ̀ràn láti sọ rárá. Ní 2014, Rowling sọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan pé ìdí tí òun fi so Hermione pọ̀ mọ́ Ron kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìwé kíkọ mu, pé ìfẹ́ ọkàn òun ni. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn méjèèjì ti fẹ́ ara wọn, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti ń sin ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìparí ìwé. Ó dà bí ìgbà tí alága ìjókòó jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó tán, tí ó wá mú máíkì pé ìyàwó kò bá ọkọ mu.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fi àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ yín ṣe àṣírí tí ó tú. Ìwé Harper Lee tí ó jáde ní oṣù Keje 2015 ni ó kọ́ mi ní èyí. Ó ti kọ ọ́ kí To Kill a Mockingbird tó jáde ní 1960, nínú rẹ̀ sì ni Atticus Finch, agbẹjọ́rò tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tí ó gbèjà aláwọ̀ dúdú, ti jókòó sí ìpàdé àwọn tí kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá aláwọ̀ funfun dọ́gba. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kà á bí ẹni pé ìwà ọkùnrin náà gan-an ni ó hàn síta, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀dá-ìtàn tí a kò tíì mọ tán ni. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ gbogbo ìwé tí ẹ kò lò pé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín.

Àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ ṣáájú

Àwọn kan wà tí ohun tí ẹ kò kọ jẹ́ irinṣẹ́ fún: òṣèré, ẹni tí ń sọ ìwé di fíìmù, àti atúmọ̀ èdè. Nígbà tí òṣèré Alan Rickman ń ṣe Snape, olùkọ́ kan, nínú fíìmù Harry Potter, ìwé kò tíì parí. Rowling sì ta á lólobó ohun kékeré kan nípa ọkàn ọkùnrin náà tí kò sí òǹkàwé kankan tí ó tíì mọ̀. Rickman pa á mọ́, ó sì fi í ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Bákan náà, Rowling ṣàlàyé ní Carnegie Hall pé nígbà tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ fíìmù kẹfà, òun rí i pé wọ́n ti fi ọmọbìnrin kan tí Dumbledore fẹ́ràn nígbà kan sí i, òun sì kọ ìwé kékeré sí ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹ̀tọ́ nìyẹn. Bí ẹ kò bá sọ fún irú wọn, wọn yóò dá tiwọn sílẹ̀.

Atúmọ̀ èdè ni yóò yọ yín lẹ́nu jù, pàápàá bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ẹ fi kọ̀wé. Nínú ìtàn mi tí mo ń sọ yìí, ẹnìkan wá kan ìlẹ̀kùn láàjìn: "Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò wọlé, ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì yí ẹ̀yìn padà." Ojú ewé mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, n kò sì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí "ó" kò bi mí. Nígbà tí àbúrò mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọkùnrin ni àbí obìnrin? Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí n lọ." Mo ní kí ó má sọ. A jọ ṣe é títí di òru. Níkẹyìn "àlejò náà" ni ó ń pè é láti òkè délẹ̀, ojú ewé náà sì le díẹ̀ ju tèmi lọ. Ẹni tí ń tú Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní tirẹ̀ yóò bá tirẹ̀ pàdé: òǹkọ̀wé á ní "arákùnrin" ẹnìkan dé, kò ní sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò, bẹ́ẹ̀ nínú èdè wa, ìkíni pàápàá kò lè lọ láìmọ ìyẹn. Bí ẹ bá sì fi ìbejì sínú ìtàn, ẹ yáa ti mọ èwo ni Táíwò.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún atúmọ̀ èdè, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì fún olóòtú yín ní ẹ̀dà kan. Bí atúmọ̀ èdè kejì bá dé ní ọdún márùn-ún sí i, ohun kan náà ni kí ó gbọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó di ara ìtàn

Nígbà tí The Hobbit, ìwé J. R. R. Tolkien, jáde ní 1937, ẹ̀dá kan tí ń jẹ́ Gollum fẹ́ fún Bilbo, olú ẹ̀dá-ìtàn, ní òrùka gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ẹni tí ó borí nínú àlọ́. Kò rí i mọ́, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì fi ọ̀nà han Bilbo. Nígbà tí Tolkien ń kọ ìwé ńlá tí ó tẹ̀lé e, òrùka náà ti di ohun burúkú tí ẹni tí ó ní i kò lè fínnúfíndọ̀ fi tọrẹ. Kò jáde lọ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun tí òun ní lọ́kàn yàtọ̀ sí ohun tí òun kọ. Ó tún orí náà kọ fún àtúntẹ̀ 1951. Ohun tí ó tún ṣe lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbóríyìn fún: ó jẹ́ kí ìtàn àkọ́kọ́ wà, ó ní irọ́ tí Bilbo kọ́kọ́ pa ni, kí òrùka lè dà bí ohun tí ó tọ́ sí i. Àṣìṣe òǹkọ̀wé di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀dá-ìtàn, ẹ̀ṣẹ̀ náà sì fi agbára òrùka hàn.

Ọ̀nà kejì ni ti D. O. Fagunwa. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, Àkàrà-ogun sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ ní ìwọ̀nba, ó sì bọ́ sórí ìrìn-àjò tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ọdẹ tí bàbá náà jẹ́ kò rí i níbẹ̀. Ní 1949 ni Igbó Olódùmarè jáde, tí ó sì jẹ́ ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ogun, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láti ẹnu ọmọ rẹ̀ kan náà. Èsì ìbéèrè kan di odidi ìwé. Bí ohun tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀dá-ìtàn bá ń dàgbà lọ́kàn yín bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ṣòfò sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà kẹta kò gba àkókò. Bí ohun tí ẹ ń bẹ̀rù bá jẹ́ pé wọn yóò ṣi ẹ̀dá-ìtàn yín túmọ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Wọlé Ṣóyínká ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú Death and the King's Horseman ní 1975. Ó sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1946 ni òun gbé eré náà kà, pé òun yí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ padà, òun sì fà á sẹ́yìn sí ìgbà ogun. Ó tún kìlọ̀ fún ẹni tí yóò gbé e sórí ìtàgé pé kí ó má sọ ọ́ di ìjà láàárín àṣà méjì lásán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ko ó lè ta ko ó, ṣùgbọ́n kò lè ní wọn kò sọ fún òun.

Bí a ṣe ń kọ̀ láti dáhùn

Kò pọn dandan kí gbogbo ìbéèrè ní èsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré Waiting for Godot tí Samuel Beckett kọ ní Paris ní 1953 ni wọ́n ti ń bi í pé ta ni Godot, ṣé Ọlọ́run ni. Ó ní bí ó bá jẹ́ Ọlọ́run ni òun ní lọ́kàn, Ọlọ́run ni òun ìbá kọ. Tolkien náà kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní 1954 pé ó yẹ kí àdììtú wà nínú ìtàn, pé Tom Bombadil, ẹ̀dá-ìtàn kan nínú ìwé ńlá rẹ̀, sì ni ọ̀kan tí òun mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀. Roland Barthes, ọmọ Faransé, tilẹ̀ kọ ọ́ ní 1967 pé òǹkọ̀wé ti kú, òǹkàwé ni ó ni ìwé. N kò lè bá a dé ibẹ̀, bóyá nítorí pé n kò tíì kú.

Ẹ kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Fún àgbà, ẹ lè ní, "Ẹ má bínú, sà, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo kọ." Fún ọmọdé, ẹ bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò, kí ẹ sì tẹ́tí sí i dáadáa, nítorí ó lè ti rí ohun tí ẹ̀yin kò rí. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín pé ìbéèrè rẹ̀ kéré. Ẹni tí ó ń béèrè ibi tí Ìyá Alágbo já sí ti fi ìfẹ́ hàn sí ẹni tí èmi tí mo dá a kò rántí mọ́.

Ní bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ náà, olùkọ́ ọmọbìnrin yẹn fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi pé ó ṣì ń béèrè. Mo kọ ọ́ padà pé, "Ẹ bá mi sọ fún un pé àṣìṣe tèmi ni ọmọ Ọ̀fà yẹn. N kò mọ ibi tí Ìyá Alágbo já sí. Bí òun bá mọ̀ ọ́n, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi." Àwòrán ojú ewé kan ààbọ̀ nínú ìwé àjákọ dé lọ́sẹ̀ kejì. Ibùdókọ̀ kan ní Ìlọrin ni Ìyá Alágbo wà níbẹ̀, ó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún àwọn awakọ̀, ó sì ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́bàá àtẹ rẹ̀. Mo gbé ìwé mi, mo wá gbogbo ibi tí orúkọ obìnrin náà wà, mo tún wá "ìyá" àti "alágbo" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. N kò rí ìlà kan tí ó ta ko ó.